Omi tí kì í gbẹ lábẹ́ bátìrì ọkọ̀ ojú omi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ fáíbà kan ni mo ní, òun la fi ń gbé èrò láti Ìpakodò ní Ìkòròdú lọ sí Èkó. Bátìrì méjì oní-12 fólítì, 100Ah, irú èyí tí a ń bu omi sí, wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn nítòsí ẹ́ńjìnnì. Láti bí oṣù kan báyìí, gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá ṣí ìdérí ni ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé máa ń tutù. Màá nù ún gbẹ, ilẹ̀ á mọ́, ó tún ti dé. Òjò ò rọ̀, mi ò sì rí ibi tí omi ń gbà wọlé. Rẹwáyà ní òógùn lásán ni. Pákó abẹ́ ọ̀kan nínú bátìrì náà ti ń dúdú. Kí ló lè fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ má tíì gba ọ̀rọ̀ òógùn yẹn. Inú ọkọ̀ máa ń làágùn lóòótọ́, a ó sì débẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn kì í sọ pákó di dúdú láàárín oṣù kan, kì í sì í fi abẹ́ bátìrì kan sílẹ̀ kó lọ máa bá èkejì jà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ ásíìdì. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì tó tún nù ún, ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó jẹ́. Ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òun ló sì máa sọ ibi tí àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kan wà tí nínù lásán kò fi lè tán an. Ásíìdì inú bátìrì kì í fẹ́ lọ bí omi. Omi tó bá a rìn lè gbẹ, ṣùgbọ́n ásíìdì fúnra rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú pákó, sí ẹsẹ̀ súkúrú, sí abẹ́ bátìrì tí ìnùlẹ̀ ò dé. Èyí tó ṣẹ́kù yìí á wá máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ inú abọ́ ṣe ń ṣomi lásìkò òjò. Nínú bátìrì tó gba iná kún, ásíìdì tó nǹkan bíi 35 nínú 100 ìwọ̀n omi inú rẹ̀. Lóru lórí ọ̀sà, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá dé 90 nínú 100, ásíìdì tó bọ́ sílẹ̀ á máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, á tún sún kì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ lẹ ń bá a. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé kò sí ásíìdì tuntun kankan tó ń jáde mọ́, pé èyí tó dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù tó kọjá ló ń mu, tó ń gbẹ, tó tún ń mu.

Iyọ̀ inú omi ọ̀sà náà ń hu irú ìwà yìí. Bí omi oníyọ̀ bá gbẹ síbì kan, iyọ̀ tó fi sílẹ̀ á tún rin nígbàkígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá bíi 75 nínú 100. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ibì kan ń tutù, tó ń gbẹ, tó tún ń tutù láìsí òjò, ásíìdì àti iyọ̀ la kọ́kọ́ ń fura sí. Omi òjò àti òógùn ń gbẹ láì fi nǹkan kan sílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ fi imú wá òórùn epo bẹntiróò. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tú orí bátìrì, ẹ má tan iná, ẹ má tẹ bọ́tìnì pọ́ǹpù. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí, ẹ kó èrò kúrò, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ títí òórùn yẹn á fi lọ, kí ẹ sì wá ibi tí epo ti ń jò kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ bátìrì. Kẹ́ẹ̀gì epo tí àwọn kan máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lónìí. Ìtapàrà kékeré tí ojú kì í fẹ́ẹ́ rí nígbà tí a bá tú orí bátìrì ti tó láti fi ọkọ̀ náà jóná.

Ẹ má sì fi ahọ́n tọ́ omi yẹn wò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ojú omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi ọ̀sà ni. Tó bá jẹ́ ásíìdì, ẹnu ti jóná. Tó bá sì jẹ́ omi ọ̀sà, ahọ́n ò ní sọ òótọ́ nígbà gbogbo: omi Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ gan-an lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí àwọn odò ti tú sínú rẹ̀, iyọ̀ yẹn máa ń dín kù débi pé ẹnu lè má mọ̀ ọ́n.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi gíláàsì bo ojú, ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò ní dárò, torí ibi tí ásíìdì bá kàn lára aṣọ òwú yóò di ihò nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ gbé ike omi tó mọ́ sí tòsí. Tí ó bá ta sí ara, omi púpọ̀ ni oògùn rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì máa lọ sí ọsibítù. Ẹ má bu sódà sí ojú láé.

Wàyí o, ẹ bu bákíńgì sódà, ṣíbí kékeré kan, kí ẹ wọ́n ọn sórí ibi tó tutù. Bákíńgì sódà ni mo wí, kì í ṣe bákíńgì páódà. Páódà ti ní ásíìdì gbígbẹ tirẹ̀ nínú, omi lásán á mú un hó, á sì tàn yín jẹ. Tí kò bá sí sódà nítòsí, kán-ún tí a fi ń se ewédú ṣe é lò. Ẹ gún un kúnná. Tó bá hó, tó yọ ìfófòó, ásíìdì ni. Omi òjò, òógùn àti omi ọ̀sà ò ní mú un hó. Ẹ ṣe é níbi mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: abẹ́ bátìrì kìíní, abẹ́ ìkejì, ẹsẹ̀ ògiri, àti ibi tí wáyà ti wọlé. Tó bá hó lábẹ́ bátìrì kan, tí kò hó lábẹ́ ìkejì, ìdajì ìwádìí ti parí nìyẹn.

Nígbà mìíràn ásíìdì náà ti pò mọ́ omi débi pé híhó rẹ̀ ò ní hàn kedere. Ìwé tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó (bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí), ló dára níbẹ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ àti oògùn ẹja ọ̀sìn sábà máa ń ní in. Ẹ béèrè èyí tó ka 1 dé 14, nítorí pé èyí tí àwọn olómi ẹja ń lò jù kì í lọ sílẹ̀ tó. Omi lásán á wà ní bíi 6 sí 8. Omi tí ásíìdì bátìrì wà nínú rẹ̀ á sáré lọ sábẹ́ 3. Tí ẹ ò bá rí ìwé yẹn, ẹ kán díẹ̀ nínú omi náà sórí bébà funfun, kí ẹ gbé e jáde kúrò nínú ọkọ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná sún mọ́ ọn títí á fi gbẹ. Ibi tí ásíìdì bá wà á pọ́n, á dúdú, á sì ya bí ẹ bá fà á. Omi ọ̀sà á fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, omi òjò ò ní fi ohunkóhun sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ásíìdì bí mo ṣe rò, ìbéèrè tó kàn ni ìdí tó fi jáde. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ yọ ṣájà. Tí àwọn bátìrì náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iná tán, ẹ ṣí ìdérí ibẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tú wọn. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, pọ́sítíìfù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, pọ́sítíìfù ló máa ṣáájú. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ nu orí bátìrì mọ́, kí ẹ wá ṣí ìdérí kéékèèké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn yàrá mẹ́fà tí wọ́n pín inú bátìrì sí. Ẹ má fi iná ìṣáná wò ó.

Ìdúró omi inú àwọn ilé mẹ́fà yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Nínú bátìrì tó wà ní àlàáfíà, omi bo àwọn irin inú rẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 10 sí 15, ó sì fi bíi mílímítà 3 sílẹ̀ kó tó kan etí ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí a ń gbà bu omi sí i.

Tí gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kún dé ẹnu, wọ́n bu omi jù ni. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń bu omi náà ló ń dá a sílẹ̀: wọ́n á bu ú kún nígbà tí iná bátìrì ti lọ sílẹ̀, wọ́n á wá fi í sórí ṣájà. Bí bátìrì bá ń gba iná, omi inú rẹ̀ ń wú, ìfófòó gáàsì sì tún ń tì í sókè. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà ju ihò ìdérí lọ. Ẹ wá fi ìjì ọ̀sà kún un, tí ọkọ̀ ń fò, tó ń já lulẹ̀ lórí ìgbì ọkọ̀ ńlá. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé tí irin inú rẹ̀ bá hàn síta, ẹ bu omi tó kàn máa bò ó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un níná kó kún, ẹ jẹ́ kó sinmi, ìgbà náà lẹ ó wá bu ìyókù dé ibi tó yẹ. Èyí tó bá ti pọ̀ jù, ẹ fi háídírómítà, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń fa omi bátìrì láti wọn bó ṣe ki tó, fà á jáde nígbà tí bátìrì bá ti gba iná tán, kí ẹ sì da á sínú ike tí omi sódà wà.

Omi tí a ń bu, distilled water ni, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike fún bátìrì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣáájì bátìrì lójú títì máa ń da ásíìdì sí i dípò omi, wọ́n ní kó lè lágbára. Ó máa ń lágbára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn náà ni irin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ohun tó ń gbẹ kúrò nínú bátìrì omi ni, omi náà la ó dá padà. Àyàfi ibi tí bátìrì bá ti dojú dé tí ásíìdì dà nù gan-an nìkan ni a ti ń fi ásíìdì dípò ásíìdì. Omi ọ̀rá kò yẹ, nítorí àwọn iyọ̀ inú rẹ̀. Omi ọ̀sà ló burú jù: tí omi oníyọ̀ bá wọ inú bátìrì tó ń gba iná, gáàsì kúlórínì ló ń jáde, ó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró.

Tí ìdúró omi nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti lọ sílẹ̀ ní dọ́gbandọ́gba, iná tó ń wọlé ló pọ̀ jù. Ẹ so bátìrì padà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó sáré dé bíi ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi mítà wọn ojú bátìrì. 13.8 sí 14.5 fólítì dára. Tó bá ń kọjá 14.8, rẹ́gúlétọ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń ká iná lọ́wọ́ kò kó má pọ̀ jù, ti bàjẹ́, tàbí orí wáyà kan ti dẹ̀ tó ń tàn án jẹ. Ẹ wọn ṣájà tí ẹ ń lò nílé náà, torí pé àwọn ṣájà olówó pọ́ọ́kú tí kì í dín iná kù nígbà tí bátìrì bá kún ló ba bátìrì jẹ́ jù. 14.4 fólítì tí wọ́n máa ń kọ sára ṣájà, ooru ìwọ̀n 25 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Lábẹ́ ìjókòó fáíbà tí oòrùn ń pa, ooru ibẹ̀ lè dé 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá sì lé ń fẹ́ kí a yọ nǹkan bíi 0.03 fólítì kúrò. Ní ìwọ̀n 35, 14.1 ló yẹ bátìrì yín.

Ẹ má fojú kékeré wo apá yìí, torí pé omi tó ń dà sílẹ̀ kọ́ ni ewu tó tóbi jù níbẹ̀. Bí bátìrì bá ti kún, tí iná sì ń wọ̀ ọ́ síbẹ̀, omi inú rẹ̀ ni iná yẹn ń tú sí gáàsì. Ampere-wákàtí kọ̀ọ̀kan (Ah, ìyẹn ampere kan fún wákàtí kan) ń mú nǹkan bíi gíráàmù 2 omi kúrò láti inú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ń tú bíi lítà 2.5 gáàsì háídírójìn jáde. Ká ní ampere 5 ń wọ bátìrì tó ti kún fún wákàtí 10. Ìyẹn 50Ah, nǹkan bíi 100 mílílítà omi, àti lítà 125 háídírójìn. Àyè abẹ́ ìjókòó tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 60, tó jìn ní sẹ̀ntímítà 50, lítà 300 péré ló gbà. Tí háídírójìn bá ti di 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó ti lè gbiná. Lítà 12 nìyẹn níbẹ̀. Ní ìwọ̀n tí mo fi ṣírò yìí, wákàtí kan ti tó láti pé e bí ìdérí bá dé pa. Gáàsì yẹn náà ló ń gbé ìrì ásíìdì wẹ́wẹ́ jáde láti ihò ìdérí, òun lẹ máa ń bá lórí bátìrì àti lára ògiri.

Tí ó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí márùn-ún yòókù dára, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ara bátìrì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn, nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀ tàbí nítorí pé wọ́n fi irin ìdìmú fún un jù. Ó sì lè jẹ́ pé ilé náà ti kú. Ẹ fi bátìrì sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ láìsopọ̀ mọ́ nǹkan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ilé kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1 fólítì wá, mẹ́fà sì ń fún wa ní 12.6 sí 12.7. Tí ẹ bá rí 10.5 lẹ́yìn tí ó ti gba iná dáadáa, márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: 14.4 fólítì tó yẹ kí mẹ́fà pín ni márùn-ún ń pín, 2.88 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 2.4. Híhó ni wọ́n máa hó. Bí àwọn bátìrì yín méjèèjì bá sì jẹ́ pé wáyà kan náà ló so wọ́n pọ̀, tí ọ̀kan ti gbó tí èkejì ṣì tuntun, èyí tó ti kú yìí á máa fa tuntun náà lulẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún ilé tó ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Háídírómítà á kín èyí lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí bátìrì ti kún tó sì ti sinmi, ẹ ka ilé kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi 1.265 ni bátìrì tó kún, 1.190 fi hàn pé ìdajì iná rẹ̀ ló kù. Lára àwọn mìíràn, 1265 ni wọ́n kọ láìsí àmì. Àwọn bátìrì tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru lè kéré díẹ̀ sí èyí nígbà tí wọ́n bá kún, nítorí náà ìyàtọ̀ láàárín ilé sí ilé ni kí ẹ wò ju iye gan-an lọ. Tí ọ̀kan bá fi 0.050 jìn sí àwọn yòókù, ẹ ti rí aláìsàn náà.

Fún bátìrì tí ẹ bá fura pé ó sán, ẹ gbé e jáde. Bátìrì 100Ah olómi á wúwo tó kílò 25 sí 30, nítorí náà kí ẹni méjì gbé e, kó dúró gbọọrọ. Ẹ fọ ara rẹ̀ pẹ̀lú omi sódà, pẹ̀lú ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní títì pa, torí pé sódà tó bá wọnú ilé kan ti ba ásíìdì ibẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ gan-an, kí ẹ gbé e ka orí káádíbọ́ọ̀dù gbígbẹ níbi tó tẹ́jú, kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ibi tó ń jò á yàwòrán ara rẹ̀ sórí káádíbọ́ọ̀dù náà, á tutù, á sì pọ́n. Ẹ má gbìyànjú láti fi gúlúù dí i. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé èrò, kò sí gúlúù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù níbi tí wọ́n ti yọ jáde lórí bátìrì. Bí ibẹ̀ bá rin, tí ohun aláwọ̀ ewé-bíi-búlúù bá hù sí i, ásíìdì ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, ó sì ti ń jẹ kọ́pà. Ó lè wọ inú wáyà lọ: ẹ bó rọ́bà wáyà sẹ́yìn díẹ̀, bí àwọn okùn kọ́pà inú rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ gé e títí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán. Orí bátìrì tó rin tún ń jẹ iná ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì máa fi ẹnu pupa wọ́ orí ike bátìrì gbígbẹ tàbí rírin náà. Tí mítà bá ka fólítì lórí ike lásán, iná ń rìn lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìdí kan nìyẹn tí bátìrì fi máa ń kú láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó.

Tí sódà kò bá hó rárá tí pH sì dára, omi ń wọlé láti ibòmíràn. Ẹ gbẹ gbogbo ibẹ̀, ẹ tẹ́ tíṣù funfun yíká: sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sábẹ́ ihò wáyà, sẹ́sẹ̀ pákó ìdí ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ rin ló mọ ọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ fi họ́ọ̀sì dán an wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè, ibì kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi á ṣàn gba gbogbo ibẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Rọ́bà ẹnu ìdérí ní ìdánwò tirẹ̀: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa etí tí rọ́bà ń jókòó lé, ẹ ti ìdérí, ẹ ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì kò bá mọ́ rọ́bà, rọ́bà ò kan ibẹ̀.

Ẹ kó ẹrù tàbí èèyàn tó ìwọ̀n èrò yín sínú ọkọ̀ kí ẹ tó parí ìwádìí. Ìdí ọkọ̀ tó bá ṣófo lè wà lókè, ihò tí pọ́ǹpù ń gbà tu omi jáde á sì wà lókè omi. Bí èrò bá kún, ihò yẹn á rì, omi ọ̀sà á sì gba inú họ́ọ̀sì padà wá. Họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ gòkè bí ọrùn, ga ju ojú omi lọ, kó tó sọ̀kalẹ̀ sí ihò. Wáyà àti okùn ẹ́ńjìnnì tó ń wọlé láti ìta náà gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wọ ihò, kí omi lè kán sílẹ̀ níta.

Fún òógùn gan-an, ẹ óò bá ìrì lábẹ́ ìdérí, lára irin, yíká ògiri, kì í ṣe níbì kan. Omi tó wà nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ni oòrùn ń sè lọ́sàn-án. Lóru, ìdérí á tutù, oru yẹn á sì kán padà. Ẹ lẹ náílọ̀n mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀ pẹ̀lú téèpù ní gbogbo etí. Ní òwúrọ̀, omi lórí náílọ̀n túmọ̀ sí pé láti inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Omi lábẹ́ náílọ̀n túmọ̀ sí pé pákó inú fáíbà ti mu omi, ó sì ń tú u jáde. Ìyẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ihò bóòtù tí wọn kò dí dáadáa.

Ẹni tó bá ní bátìrì tí a kì í ṣí, tó sì bá omi lára rẹ̀, kó wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà. Bó bá ti wú, kó yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ kó tó tún tan ẹ́ńjìnnì.

Ní ti fífọ̀, ẹ po gíráàmù 100 bákíńgì sódà mọ́ lítà omi kan, bíi ṣíbí ìjẹun méje. Ẹ gbé àwọn bátìrì jáde, ẹ da omi sódà sí gbogbo ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri, ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ tún da títí híhó á fi dáwọ́ dúró pátápátá. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tún fi pH wò ó lọ́jọ́ kejì, torí pé pákó máa ń tú èyí tó mu sínú jáde díẹ̀díẹ̀. Kán-ún náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lágbára ju sódà lọ, ẹ ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi Jik tàbí Hypo fọ̀ ọ́ rárá: tí wọ́n bá pàdé ásíìdì, kúlórínì ló ń jáde, inú àyè kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni imú yín máa wà.

Fáíbà fúnra rẹ̀ ń fara da ásíìdì dé àyè kan. Pákó, súkúrú àti alumíníọ́mù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi súkúrúdẹ́báfà gún pákó tó dúdú yẹn. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi pákó tuntun tí ẹ ti fi résìnì bò yíká dípò rẹ̀, títí kan inú ihò súkúrú. Kí bátìrì kọ̀ọ̀kan jókòó sínú abọ́ ike tó jìn tó láti gba ohun tó bá dà, kí bẹ́líìtì sì dì í mú. Òfin Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróò wà nínú rẹ̀ sọ pé bátìrì kò gbọdọ̀ lè sún ju íǹṣì kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 25, kò sì gbọdọ̀ wà lókè tàbí lábẹ́ táńkì epo gan-an. Ẹ́ńjìnnì tiyín wà níta, ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín kí ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ kan sí òkè pátápátá, torí pé háídírójìn ń gòkè, àti òmíràn sí ìsàlẹ̀ ní òdìkejì kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé èrò àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣí i wò nígbà tí ẹ bá padà dé Ìpakodò àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tó bá gbẹ lẹ́ẹ̀mejèèjì, tí fólítì lójú ẹ́ńjìnnì sì wà lábẹ́ 14.5, ẹ máa ṣí àwọn ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lóṣooṣù. Tó bá tún rin, ẹ wọ́n sódà sí i kí ẹ tó nù ún.